Ìgbéléwọ̀n Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀ àti Ìlànà Èdè Ìkọ́ni

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ni ètò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1970, láti mọ̀ bóyá ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ pírámárì yóò mọ̀wé ju èyí tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, Ford Foundation sì fowó tì í. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.

Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ ló fún èsì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ títí dé pírámárì kẹfà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù tọ ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì láti pírámárì kẹrin. Ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá kò sí nílẹ̀. Ṣe ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ìdánwò wọn lé ìwọ̀n, àwọn tó fi Yorùbá kàwé jálẹ̀ ló ta yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó tọ́ kí èèyàn béèrè bóyá olùkọ́ àkànṣe yẹn ló fà á.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 fàyè gba èdè abínibí, ṣùgbọ́n fún ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì nìkan. Ó dùn mí pé ọ̀nà àwọn ọmọ tí kò ta yọ nínú ìdánwò gan-an ni ìjọba mú.

Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ kò lè dáhùn tán fún ìlú bíi Ìpotì-Èkìtì ní agbègbè Ìjerò. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ọmọ Ìpotì ń sọ nílé, “ulé” ló ń pe ilé, Yorùbá àjùmọ̀lò sì ni ìwé rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wo èso irú ètò bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ìjerò fúnra rẹ̀.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti kúrò ní pírámárì kí ìlànà 2022 tó dé.