Ẹ Fi Tiwọn Kún Tèmi

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òwe yìí kúrú, àmọ́ ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà lò ó. Àwọn kan ní aláìní ló ń bá wí: bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, má jókòó ti ẹni tó ní. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ní gan-an ló ń bá wí: báwo ni òkèlè ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́fun nígbà tí ẹni tó jókòó tì ọ́ ń gbé itọ́ mì? Ní tèmi, ìta la ti ń rí ìdáhùn, níbi tí a ti ń fowó ra oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó yà sí buka kan ní Liverpool Road, ní Àpápá, lọ́wọ́ ọ̀sán.

Nínú ilé, abọ́ kan ń bo àṣírí. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ á yí àwo kan po, òkèlè á máa lọ, òkèlè á máa bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹran títí oúnjẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n wọn ni yóò wá pín in. Ta ló dá owó ọbẹ̀? Ta ni kò dá kọ́bọ̀? Àwo kì í sọ. Ní buka, kálukú ló ń dúró níwájú ìyá olóúnjẹ, tó ń fẹnu ara rẹ̀ ka ohun tó fẹ́: àmàlà mẹ́ta, ṣakí méjì, póńmọ́ kan, ògúnfe kan. Ìyá ń bù, ó ń ṣírò. Ẹni tó bá rọra ní, "Ìyá, ẹ ṣáà bu ọbẹ̀ lé e," ti ka iye tó wà lápò rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn.

Àwọn tó ń jẹun ládùúgbò yìí kì í ṣe olówó oṣù nìkan. Èbúté Àpápá, tí wọ́n kọ́ ibi mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí láàárín 1921 sí 1926, kò jìnnà. Ti Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, wà nítòsí. Ajégúnlẹ̀ náà sì múlé tì wọ́n. Awakọ̀ tírélà, ọmọ ọkọ̀, alábàárù, éjẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo wọn ló ń pàdé nídìí ìkòkò kan náà. Owó èbúté kì í dúró sójú kan. Éjẹ́ǹtì tí kọ̀ǹténà rẹ̀ jáde lónìí lè kó èèyàn mẹ́fà lọ jẹun. Bí ìwé kan bá há lọ́la, tí owó ìdúró ẹrù ń gorí ara wọn, òun náà ni yóò máa fi ọgbọ́n wo ojú ìyá olóúnjẹ.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan fi níyì níbẹ̀ ju ẹran lọ: "Ìyá, ẹ fi tiwọn kún tèmi." Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún lónìí mọ̀ pé ó di dandan kí òun náà sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ omi inú ọ̀rá àti mínírà ni agbára òun gbé. Ẹni tó ń jẹ tí kì í san rí, wọn kì í lé e. Wọ́n kàn á máa dìde lọ jẹun láì pè é ni. Ẹni tó ń san tó ń pariwo, tó ń ka ẹran mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, òun náà kò ní pẹ́ dá jẹ. Àti olówó àti aláìní ni òwe náà ń bá wí, nítorí ipò wọn lè yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ojú Àpápá ti rí ìyípadà náà. Ní 2006, ìjọba gbé àwọn èbúté fún ilé-iṣẹ́ aládàáni láti máa darí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté sì pàdánù iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni tírélà tò pa lójú ọ̀nà fún ọdún púpọ̀, kí ètò orí ẹ̀rọ tó ń pe tírélà wọ èbúté ní ìtẹ̀léra, èyí tí wọ́n sọ ní Ètò, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2021. Láwọn ọdún náà, awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ọ́fíìsì sì ń kó kúrò ní Àpápá, wọ́n ń kó oníbàárà àwọn ilé oúnjẹ ńlá lọ. Ìyá olóúnjẹ ẹ̀bá títì kò kó lọ. Ẹni tí ebi ń pa kò kúrò níwájú rẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn. Ìlàjẹ ń jẹ pupuru, Urhobo ń fi stáàṣì jẹ ọbẹ̀ ẹyìn, Haúsá ń ro túwó, Ìgbò ń se ọbẹ̀ ewúro. Ọmọ Urhobo tí kò lówó lọ́wọ́ lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tó mọ ọbẹ̀ náà sè, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa stáàṣì já tí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka. Ọ̀rẹ́ á sanwó, ọmọ Urhobo á fọ̀nà hàn án. Ta ni ká wá pè ní aláìní nínú wọn?

Ti ẹbí ló ṣòro jù. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ UAC ti dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986, ọ̀pọ̀ òbí ní Èkó ti sọ ọ́ di àṣà láti kó ọmọ jáde lọ́jọ́ Àìkú tàbí lọ́jọ́ ọdún. Àwọn kékeré á nàka sí adìẹ. Àkọ́bí tó ti mọ bí ilé ṣe rí á ní míìtì páì tó òun. Ìyá á ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ ìka rẹ̀ ni yóò kó ìrẹsì tó ṣẹ́ kù sétí àwo. Àwọn ọmọ ń gbádùn, àmọ́ àìní ti jókòó sídìí tábìlì láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó sàn kí bàbá ra àwo mẹ́ta fún ẹni márùn-ún kí wọ́n jọ pín in, ju kí ó ra mẹ́rin kí ìyá máa ṣọ́ àjẹkù lọ.

Àwọn àgbà tún ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò gbé igbá rẹ̀ délé. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí kò wo ẹ̀yìn nídìí oúnjẹ: bí ẹ̀gbọ́n bá kọ́kọ́ pe ẹran mẹ́rin láì sọ ẹni tó máa sanwó, ìdààmú ló dá sílẹ̀ fún àbúrò: bó pe mẹ́rin, gbèsè, bó pe ẹyọ kan, ìtìjú. Nítorí náà, ẹni tó bá pe èèyàn jáde wá jẹun, kó sọ̀rọ̀ owó kí omi ìfọwọ́ tó dé, kó sì jẹ́ kí ẹni tí àpò rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù kọ́kọ́ pe tiẹ̀.