Ọrùn-Ọwọ́ Ni Wọ́n Gbàgbé: Ìtàn Ààbò Nínú Eré Snowboard

Òjò dídì kì í rọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde ló ń gbé níbi tó ti ń rọ̀. Bí ẹnìkan nínú wọn bá sọ pé òun fẹ́ lọ gun pátákó yọ̀ láti orí òkè wá sílẹ̀, eré tí wọ́n ń pè ní snowboard nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ wù wá kọ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí ewu kan, tí ewu mìíràn sì ń ṣẹ́ wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965 ni Sherman Poppen, ará Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, so ski méjì pọ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè dúró lé e lórí. (Ski ni igi pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì.) Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Snurfer. Okùn kan wà nímú rẹ̀ tí ẹni tó gùn ún yóò dì mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó de ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ṣubú, pátákó á bá tirẹ̀ lọ, ọmọ náà á bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n de ẹsẹ̀ mọ́ pátákó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Jake Burton Carpenter, tó dá iléeṣẹ́ Burton sílẹ̀ ní Vermont lọ́dún 1977, wà lára àwọn tó ṣe é. Ìdè yìí ló jẹ́ kí èèyàn lè darí pátákó lórí òkè ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oníski lè yára gbé ẹsẹ̀ kan kí ó má baà ṣubú, ó sì ní ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìdè kò lè gbé ọ̀kankan, kò sì ní ọ̀pá. Ọwọ́ nìkan ló kù ú. A kì í kọ́ ẹnikẹ́ni láti na ọwọ́ sílẹ̀ bó bá ń ṣubú. Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Gbogbo ìwúwo á wá bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́, eegun ọrùn-ọwọ́ á sì ṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èyí kọ́ ni àwọn tó ni òkè ń sọ. Ọ̀pọ̀ ibi ìṣeré orí òkè ní Amẹ́ríkà kò gba pátákó láàyè. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ yóò máa kọlu oníski, wọ́n sì ń ro ti adójútòfò àti ti ẹjọ́. Níbi mìíràn, ó di dandan kí èèyàn yege ìdánwò kó tó gba káàdì. Ti ìdánwò yìí kò burú lójú tiwa, ó kéré tán ó kọ́ni bí a ti ń dúró. Nígbà tó fi di 1998, eré náà ti wọ Òlíńpíìkì ní Nagano, síbẹ̀ Alta àti Deer Valley ní Utah, àti Mad River Glen ní Vermont, kò gbà á títí dòní.

Àwọn dókítà ló yí ojú ọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń gùn ún. Orúnkún kò jìyà tó ti oníski, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pátákó kan náà. Ọrùn-ọwọ́ ló ń ṣẹ́ jù, pàápàá ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kókósẹ̀ náà ní tirẹ̀: eegun kékeré kan wà níta rẹ̀ tí bó bá ṣẹ́, á dà bíi pé ẹsẹ̀ kàn rọ́ lásán, àwòrán X-ray pàápàá lè má fi í hàn. Bí ìrora ibẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ, kí èèyàn padà sí ọsibítù.

Ní Norway, wọ́n pín àwọn 5,029 tó ń gun pátákó sí ọ̀nà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Apá kan wọ ọ̀já ọrùn-ọwọ́, èyí tó ní ike líle nínú tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn jù. Apá kejì kò wọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2001: ìfarapa ọrùn-ọwọ́ 8 láàárín àwọn tó wọ̀ ọ́, 29 láàárín àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀já yìí á kàn ti ìpalára gòkè sí apá ni. 8 sí 29 kì í ṣe ohun tí a ó fi ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ gbá dànù, àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sì gbè é lẹ́yìn.

Akoto ló gbajúmọ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni Kevin Pearce fi orí gbálẹ̀ níbi ìdánrawò ní Park City. Akoto wà lórí rẹ̀, ó sì yè é, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ farapa gan-an, kò sì padà sí ìdíje mọ́. Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀, The Crash Reel, lọ́dún 2013. Ikú ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ orí, kò sí nínú ti ọrùn-ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ṣe fíìmù nípa ọrùn-ọwọ́. Àwọn ògbóǹtarìgì kì í sábà wọ ọ̀já náà, àwọn tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tó nílò rẹ̀ jù, ìṣe àwọn ògbóǹtarìgì ni wọ́n ń wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń yá pátákó àti bàtà, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀já ọrùn-ọwọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.