Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tí Bàbá Ti Rò Tán

Ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí olórí ìdílé bá rojọ́ ilẹ̀ tí ó jẹ̀bi, ǹjẹ́ ọmọ rẹ̀ lè tún un rò?

Òfin Faransé ti ọdún 1804, ní abala 1351, dáhùn. Òfin náà wọ Dànhọ̀mẹ̀, kò sì bá àwọn Faransé lọ ní 1960. Ohun mẹ́ta ni ó ń béèrè kí ìdájọ́ àtijọ́ tó lè dínà ẹjọ́ tuntun: kí ohun tí a ń jà sí jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìdí ẹjọ́ má yàtọ̀, kí àwọn olùjẹ́jọ́ jẹ́ àwọn kan náà, ní ipò kan náà.

Ọ̀rọ̀ ipò ni ó kan ìdílé jù. Bí bàbá bá rojọ́ lórúkọ gbogbo ẹbí, ìdájọ́ náà de àrólé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rojọ́ lórí oko tirẹ̀ nìkan, kò de àbúrò rẹ̀ tí a kò pè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdájọ́ àtijọ́ dínà ni yóò mú ìwé rẹ̀ wá. Kí ìdílé tọ́jú ìwé náà bí ẹní tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ oyè: orúkọ àti ààlà tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rí.