Àwọn Àjọ Ìlú àti Òfin Iṣẹ́ Ọba

Nígbà tí rélùwéè Èkó àti èyí tí ó ti Baro lọ sí Kánò di ọ̀kan ní ọdún 1912, iṣẹ́ ọba ni iṣẹ́ ojú irin. Lábẹ́ ìjọba náà ni àwọn tí ń wa èédú ní Ẹnúgu wà láti 1915. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ fi kún owó akọ̀wé rẹ̀, àṣẹ àwọn aláṣẹ ni yóò dúró dè.

Ṣùgbọ́n òwò ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ọjà kì í sì í dúró de ìwé àṣẹ. Nítorí náà ni ìjọba ṣe yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lábẹ́ òfin iṣẹ́ ọba. Ní 1950 ni òfin dá àjọ iná mànàmáná àti ti èédú sílẹ̀. Ní 1955 ni ti èbúté àti ti rélùwéè bẹ̀rẹ̀. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ rédíò pẹ̀lú di àjọ. Olúkúlùkù ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí ń gba òṣìṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mínísítà ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Òmìnira tí ó jẹ́ kí àjọ tètè gba ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó tún ṣí ilẹ̀kùn fún ojúsàájú. Kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní 1966, ìjà ẹnu ti ṣẹlẹ̀ nípa ẹ̀yà àwọn tí a ń fi sí ipò gíga ní rélùwéè.

Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Jerome Udoji. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí iṣẹ́ ọba àti iṣẹ́ àjọ wà lórí àkàbà owó oṣù kan ṣoṣo, tí ó ní ìpele 17. Ní 1975, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed lé ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìgbálẹ̀ náà kò yọ àwọn àjọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ní 2007, òfin tún fún àjọ tí ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ láti máa gba òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro: yíyọ iṣẹ́ kúrò lábẹ́ òfin kan kò gbọdọ̀ jẹ́ yíyọ ọ́ kúrò lábẹ́ gbogbo òfin. Ó yẹ kí àjọ bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tí gbogbo ìlú lè kà, nípa bí a ṣe ń kéde iṣẹ́, bí a ṣe ń yan ènìyàn, àti ibi tí ẹni tí a rẹ́ jẹ yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.