Obìnrin Ìsẹ́yìn Nínú Ìjọba Àpapọ̀: Janet Akínrìnádé àti Ìbéèrè Nípa Ààyè

Ìfáárà

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Òkè-Ògùn, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń mẹ́nu bà: ìṣíkiri tí ó tẹ̀lé ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé, oko tí ó lọ salalu láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, àti aṣọ òfì. Mo fẹ́ fi ìkẹrin kún un. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Janet Akínrìnádé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n di mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìbéèrè tí ó jẹ mí lógún nìyí: ọ̀nà wo ni ó gbà dé ibẹ̀, kí sì ni ó fà á tí ọ̀nà náà kò fi là fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Obìnrin àti ìjọba ṣáájú 1977

Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá kí obìnrin ní ọwọ́ nínú ìjọba. Ní ààfin Ọ̀yọ́, Ìyá Kéré ni ó ń tọ́jú adé àti ohun ọ̀ṣọ́ ọba, òun náà ni ó sì ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ní Ìyálóde. Kókó tí mo fẹ́ kí a dì mú ni pé oyè ni ìwọ̀nyí, oyè kì í sì í ṣe àánú. Ààyè rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá kú, ìlú gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Ìjọba tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Yíyàn ni wọ́n yan Wúràọlá Ẹ̀san sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1960. Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ di kọmíṣọ́nnà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1972 lábẹ́ ìjọba ológun. Àwọn obìnrin Àríwá kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò títí di 1976. Nígbà tí ìjọba Murtala Mohammed sì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 50 ní 1975 láti kọ ìwé òfin tuntun, obìnrin kan ṣoṣo kò sí nínú wọn. Awólọ́wọ̀ kọ̀, kò bá wọn jókòó. Ọkùnrin 49 tí ó kù ni ó kọ ọ́.

Láti Ìsẹ́yìn dé ilé ìgbìmọ̀

Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ni ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ ní ọdún náà, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni wọ́n fún ní iṣẹ́ láti yan àwọn tí yóò lọ sí Èkó ní 1977, láti yẹ ìwé òfin náà wò kí ó tó di òfin. Ẹni 203 ni wọ́n fi ìbò yàn báyìí. Janet Akínrìnádé nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn obìnrin díẹ̀ mìíràn tí ó bá a jókòó níbẹ̀, ìjọba ológun ni ó yàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Kò sí òfin kankan tí ó ní kí káńsẹ́lọ̀ kankan yan obìnrin, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù láàárín àwọn tí ó dìbò. Síbẹ̀ wọ́n rán obìnrin. Àwọn tí ń sọ pé àṣà ilẹ̀ wa ni ó dí obìnrin lọ́nà òṣèlú, kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn fún mi pé báwo ni ọmọ Ìsẹ́yìn, ìlú àgbẹ̀ àti ahunṣọ nínú ọ̀dàn, ṣe dé ibi tí obìnrin kankan ní gbogbo àwọn ìlú ńláńlá wa kò fi ìbò dé ní ọdún náà.

Ohun tí òfin sọ, àti ohun tí kò sọ

Ìwé òfin tí ó jáde láti inú ìjókòó náà ní abala kan, ìkarùndínlógóje, tí ó pa á láṣẹ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin rere ni. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹ̀yà kan má baà gba gbogbo àwo ọbẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn olùkọ̀wé náà mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tọ́ ẹni tí kò lágbára sílẹ̀ fún inú rere alágbára. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni wọ́n rò. Wọn kò ro obìnrin.

Nígbà tí Shehu Shagari gbàjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1979, ó fi Adénìkẹ́ Oyagbọ́lá, ọmọ Yewa, ṣe mínísítà fún ìlànà ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Janet Akínrìnádé di mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ẹ ṣàkíyèsí pé Richard Akínjídé ti Ìbàdàn, tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìdájọ́, ti dí ààyè Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n mú obìnrin Ìsẹ́yìn kún un. Ó wù wọ́n ni.

Àwọn kan lè sọ pé ipò kékeré, ipò ẹ̀ṣọ́ lásán, ni. Mo gbà pé mínísítà kékeré kọ́ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé kì í ṣe ibi eré. Òun ni ó ń mójú tó ìwé ìrìnnà, ẹnubodè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó lé Shugaba Darman, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ilé aṣòfin Borno, lọ sí Ṣáàdì ní oṣù kìíní 1980, tí ilé ẹjọ́ sì sọ pé kò bófin mu. Obìnrin tí ó jókòó sí irú ibẹ̀, ìdí agbára gan-an ni ó jókòó sí.

Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 1983 ni àwọn ológun lé ìjọba náà. Nígbà tí ìjọba lọ, ààyè obìnrin náà bá a lọ, nítorí kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìkádìí

Abala tí ó dá ààbò bo ìpínlẹ̀ kò kú. Ó tún hàn nínú ìwé òfin 1999, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ti obìnrin ńkọ́? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 2022, àwọn aṣòfin àpapọ̀ kọ àbá tí ì bá ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún obìnrin. Nínú ìbò 2023, obìnrin 3 péré ni ó wọlé nínú aṣòfin àgbà 109.

Èmi tí mo ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní ẹ̀dùn kan sí i. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, ní eré oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970. Kò sí ọmọ ilé ìwé wa tí kò mọ ìkà rẹ̀. Obìnrin tí ìlú fi ìbò rán níṣẹ́, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà, kò ní ìwé. Ní Ìsẹ́yìn àtijọ́, obìnrin ni ó ń ran òwú kí ọkùnrin tó ta á sí òfì, ṣùgbọ́n ahunṣọ ni a ń dárúkọ bí aṣọ bá dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn káńsẹ́lọ̀ 1976 tí ó ṣẹ́kù ní Òkè-Ògùn ti di arúgbó. Ẹ lọ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí lára obìnrin náà tí wọ́n fi rán an. Ìdáhùn wọn yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá tún jókòó láti kọ ìwé òfin.