Kì í Ṣe Gbogbo Kókó Ni Jẹjẹrẹ

Nílé ojúlùmọ̀ mi kan ní McDonough, ní gúúsù Atlanta, ìyá àgbà kan bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí dókítà bá a sọ. Ọmọ ní, "Màmá, wọ́n ní meningioma ni." Ìyá ní, "Jẹjẹrẹ nìyẹn, àbí?" Ọmọ dákẹ́.

Àrùn tí wọ́n dárúkọ yẹn kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ara awọ tó bo ọpọlọ ló ti ń hù. Èmi a pè é ní kókó awọ ọpọlọ. Ohun tó wú jọ là ń pè ní kókó. Èyí tó ń jẹ ara lọ ni jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Ibi tí àrùn wà ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ. Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, padà sí Ìbàdàn ní 1962. Ní 1971, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Adélọlá Adélóyè, kọ̀wé lórí àpò omi kan tí ń wú lórí ọmọdé, lábẹ́ awọ, lókè egungun. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ayé ìṣègùn fi ń pe àrùn náà. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í júwe ibi. Ìyá ọlọ́mọ ti mọ ibẹ̀ tipẹ́: àwùjẹ̀. Ẹ pè é ní àpò orí àwùjẹ̀, ẹni tó gbọ́ ti mọ ibi tí abẹ máa gbà.

Glioma ńkọ́? Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àtè ni wọ́n ti fa orúkọ yẹn yọ. Bí a bá ní kókó àtè, ẹyẹ ni olùgbọ́ máa rò. Kókó ẹran ọpọlọ ló tọ́, torí inú ẹran ọpọlọ gan-an ló ti ń hù. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti yọ ọ́ tán.

Chordoma ló já mi láyà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan ló ń mú lọ́dún. Ìṣẹ́kù okùn tí eegun ẹ̀yìn ọlẹ̀ fi ṣe òpó nínú oyún ló ń di kókó, ní ìdí agbárí, ní eegun ẹ̀yìn tàbí ní ìbàdí. Mo dá kókó okùn ọlẹ̀ lábàá, àmọ́ ẹlòmíràn lè rò pé okùn ìwọ́ ni. Nítorí náà, kí orúkọ àjèjì rẹ̀ má kúrò nínú ìwé. Ilé ìwòsàn kan kì í rí irú àrùn bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́ kí olùwádìí kó ti ilẹ̀ káàkiri jọ. Orúkọ tiwọn ń kó àrùn jọ, orúkọ tiwa ń là á yé aláìsàn.

Mo bá ìyá náà sọ ọ́: "Kókó awọ ọpọlọ ni, Màmá. Wọ́n á ṣí agbárí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀."

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ṣé gbogbo irun mi ni wọ́n á fá?"