Àwọn Òmìrán Mẹ́rin Ojú Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní Ìpele, lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìdóàní, ẹ dúró di alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí òṣùpá, nígbà tí òjò ti fọ ojú sánmà mọ́, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ gbé ojú sókè. Ìràwọ̀ tí ẹ óò rí kò níye. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣẹ́jú. Wọn a tàn, wọn a sì ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹ óò rí ọ̀kan tàbí méjì tí kì í ṣẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ wọn dúró gbọin. Bí ẹ bá sàmì sí ibi tí ọ̀kan wà lónìí, tí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ óò rí i pé ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìràwọ̀ tí ó bá dúró tẹ́lẹ̀. Irú èyí kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Bí ayé wa yìí ti ń yí oòrùn ká, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń yí i ká.

Àwọn baba wa mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Òun ni àgùàlà, tí ó máa ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí. Nítorí pé wọ́n máa ń rí i nítòsí òṣùpá, àwọn kan ṣe bí ajá òṣùpá ni. Àwọn àgbà ní rárá o, àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé rírí yàtọ̀ sí mímọ̀. Ojú lè rí nǹkan fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó má mọ ohun tí ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtàn àwọn òmìrán mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Orúkọ wọn ni Júpítà, Sátọ̀n, Yuránọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dúró láàárín pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí ó ṣe bí oòrùn. Bí ayé wa bá wà ní ìṣísẹ̀ kan sí i, Júpítà yóò wà ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, Sátọ̀n ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, Yuránọ́ọ̀sì ní mọ́kàndínlógún, Nẹ́ptúùn ní ọgbọ̀n. Ìṣísẹ̀ kan péré yẹn dúró fún mílíọ̀nù 93 máìlì. Júpítà ni ó tóbi jù nínú wọn. Bí a bá to ayé bíi tiwa mọ́kànlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nígbà náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tó o ní fífẹ̀. Inú rẹ̀ sì lè gba ayé bíi tiwa tó nǹkan bí 1,300.

Síbẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀. Gáàsì ni ó pọ̀ jù lọ nínú Júpítà àti Sátọ̀n, èyíinì ni háídrójìn àti hílíọ̀mù, tí ó fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì yòókù lọ. Ẹni tí ó bá ń já bọ́ sínú wọn, ìkùukùu ni yóò máa là kọjá. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ooru yóò máa pọ̀ sí i, tí ìwúwo ohun tí ó wà lókè rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi rún wómúwómú kí ó tó kan ilẹ̀ kankan. Sátọ̀n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí odò kan bá wà tí ó lè gbà á, yóò léfòó lórí omi ni. Gáàsì ni ó bo Yuránọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùn náà lókè, ṣùgbọ́n omi àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó máa ń dì bíi yìnyín níbi tí ó bá tutù ni ó pọ̀ nínú wọn.

Báwo ni ọmọ aráyé ṣe mọ gbogbo èyí? Títí di ọdún 1610, Júpítà àti Sátọ̀n nìkan ni a mọ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ojú lásán rí wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Galileo, olùkọ́ ìṣírò ní ìlú Padua ní Ítálì, gbé awò-awọ̀nàjíjìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó kọ ojú rẹ̀ sí Júpítà. Ó rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti pààrọ̀ ipò. Galileo kò gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan. Alaalẹ́ ni ó ń yà wọ́n sínú ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé díẹ̀ ni ó rí ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ó wo àwọn àwòrán rẹ̀, ó yé e pé òṣùpá Júpítà ni wọ́n, pé wọ́n ń yí i ká. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ń kọ́ni ni pé gbogbo ohun tí ó wà lókè, ayé wa ni ó ń yí ká. Ọ̀rọ̀ náà kò bá Galileo ní ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1633, ilé ẹjọ́ ìjọ ní Róòmù dá a lẹ́bi nítorí ó ń kọ́ni pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká, wọ́n sì sé e mọ́lé títí ó fi kú ní ọdún 1642.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Galileo yìí kan náà rí Sátọ̀n ní ọdún 1610, ó rí i bí ẹni tí ó ní etí méjì, kò sì mọ ohun tí etí náà jẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, etí pòórá, ẹnu yà á. Ó di ọdún 1659 kí Huygens, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, tó ṣàlàyé pé òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó yí Sátọ̀n ká, àti pé bí etí òrùka náà bá kọjú sí wa, a kì í rí i mọ́. Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1612, Galileo rí Nẹ́ptúùn fúnra rẹ̀ nítòsí Júpítà. Ó sàmì sí i nínú ìwé rẹ̀ bí ìràwọ̀ lásán, ó sì kọjá lọ. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Nẹ́ptúùn wà.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Yuránọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1690, Flamsteed, olórí àwọn awòràwọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i, ó sì fún un ní nọ́ńbà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ẹni tí ó wá já ohun tí ó ń wò kì í tilẹ̀ ṣe awòràwọ̀ nípa iṣẹ́. William Herschel ni, ọmọ Jámánì tí ó ń gbé ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin ni iṣẹ́ rẹ̀; òun ni ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé ni òun àti Caroline àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń ṣe awò wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1781, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, Herschel rí ìràwọ̀ kan tí ó fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó tún wò ó, ó rí i pé ó ti sún. Ó kọ́kọ́ rò pé ìràwọ̀ onírù ni. Àwọn oníṣirò ni ó fi ìṣírò ọ̀nà tí ó ń gbà hàn pé pílánẹ́ẹ̀tì ni. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, òun ni pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a fi awò rí.

Nígbà tí wọ́n padà yẹ ìwé àtijọ́ wò, wọ́n rí nọ́ńbà tí Flamsteed fún un. Ìwé yẹn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí Yuránọ́ọ̀sì wà ní bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìṣòro dé: Yuránọ́ọ̀sì kò tọ ọ̀nà tí ìṣírò là sílẹ̀ fún un. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń fà á láti òkèèrè. Le Verrier ní Páríìsì jókòó ti ìwé àti gègé, ó ṣírò ibi tí ohun tí ń fà á yóò wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Adams ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe irú ìṣírò bẹ́ẹ̀.

Ní Cambridge, Challis bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri. Ó rí i lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè fi ìwé ọjọ́ kan wé ti èkejì. Ọlá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà Le Verrier dé ọwọ́ Galle ní Berlin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Galle dúró nídìí awò, ó ń pe ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rí; d'Arrest, akẹ́kọ̀ọ́ kan, sì ń fi ohun tí ó gbọ́ wé àwòrán ìràwọ̀ tuntun kan. Kò pẹ́ tí ó fi ké pé ìràwọ̀ tí ó pè yẹn kò sí nínú àwòrán. Nẹ́ptúùn ni. Nínú ọdún 1846 yìí kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta.

Láti orí awò, a bọ́ sórí ọkọ̀. Ní ọdún 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ méjì tí kò ní ènìyàn nínú lọ, Voyager 1 àti Voyager 2. Èkejì yìí kọjá lẹ́bàá Júpítà ní 1979, Sátọ̀n ní 1981, Yuránọ́ọ̀sì ní 1986 àti Nẹ́ptúùn ní 1989. Òun nìkan ni ọkọ̀ tí ó tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì tí ó kẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 1979, obìnrin kan tí ń jẹ́ Linda Morabito ń yẹ fọ́tò tí Voyager 1 yà wò, ó rí nǹkan bí èéfín lẹ́bàá Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí. Kò gbójú fò ó. Ó bi ara rẹ̀ ní ohun tí ó lè jẹ́. Òkè tí ń yọ iná ni! Títí di ọjọ́ yẹn, a kò tíì rí irú rẹ̀ tí ń yọ iná lọ́wọ́ níbì kankan lẹ́yìn ayé wa. Àwọn awòràwọ̀ àgbáyé sì pinnu pé orúkọ àwọn òrìṣà iná, oòrùn àti àrá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọn yóò máa fún àwọn ojú iná Io. Lónìí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ṣàngó. Orúkọ wa ti dé ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ wa tó dé.

Ìlù ẹkùn wa náà lọ. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí a fi wúrà bò wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlù kan wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn Mahi lù ní Savalou ní ọdún 1963, ní ilẹ̀ Dahomey tí à ń pè ní Benin báyìí, nítòsí àwọn ará wa tí ó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn ìwé ń sọ ni pé láti Senegal ni ìlù náà ti wá. Nígbà tí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yẹ̀ wò ni wọ́n mọ ìlú tí ó ni ín. Ẹ̀yin náà rí i pé àkọsílẹ̀ tí kò péye lè sọ ọmọ ẹni di ọmọ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀run nìkan ni èyí kàn. Ní Ọ̀wọ̀ tí ó súnmọ́ Ìpele, àwọn ère amọ̀ wà nínú ilẹ̀ Igbó'Lájà fún bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kí Ekpo Eyo tó wú wọn jáde ní 1971. Kì í ṣe pé ó kàn kó wọn. Iṣẹ́ irú wọn ni láti kọ ibi tí wọ́n ti bá ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí ó wá nǹkan nínú ilẹ̀ àti ẹni tí ó wá a lókè, ìwé ni irinṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú ìwé kan. Ẹ ya àwọn ìràwọ̀ tí ó yí Júpítà ká sínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Awò olójú méjì tí àwọn ọdẹ ẹyẹ ń lò tó láti fi rí òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ bá gbé e ti nǹkan kí ó má gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í wo oòrùn láé, yóò fọ́ ojú. Júpítà a máa yí oòrùn ká ní bí ọdún méjìlá. Ọmọ tí ó bá yà á nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò rí i tí ó padà sáàárín àwọn ìràwọ̀ kan náà nígbà tí ó bá ń ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kí Sátọ̀n tó padà, yóò tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ọmọ náà lè ti di òbí. Ti Yuránọ́ọ̀sì gba ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Arúgbó ni yóò rí i. Ti Nẹ́ptúùn jẹ́ ọdún 165. Láti ìgbà tí Galle ti rí i ní 1846, ọdún 2011 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí ojú ènìyàn kan tí ó lè rí ìrìn-àjò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tí ẹnì kan kọ, tí ẹlòmíràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó rí i.